Ẹni Tó Bá Rán An Ni Yóò Gbé E

Kí Oníkọ́kọ́rọ́ tó dé òkè àtẹ̀gùn ni mo ti mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá èèyàn gbé inú ilé kan láti kékeré, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣàjèjì. Mo ní, "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn." Gbogbo obìnrin tó wà nídìí tábìlì gbójú sókè, wọ́n wò mí bíi pé mo bú ìyá ẹnì kan níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn títì gan-an ló kó wa jọ. Ojú tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú mi ju ìtìjú mi lọ, mo sì tún un sọ: "Mo ní kí ẹ tì í!"

Kò sẹ́ni tó dìde.

Yàrá tí a ń lò wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà, òórùn rọ́bà jíjó kì í sì í kúrò níbẹ̀. A to àwọn tábìlì pọ̀, a tẹ́ kánfáàsì funfun lé wọn lórí, a jókòó yí i ká, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníkálukú. Ilé iṣẹ́ tó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì olówó. Lọ́jọ́ ìsinmi, aṣọ ìwọ́de tiwa, èyí tí a ó fi igi méjì gbé sókè lójú títì. Ohun tí a fẹ́ kó wà lára rẹ̀ kò gùn: Ẹ ṢÍ ILẸ̀KÙN. Alága ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ń gé aṣọ nílé iṣẹ́, ló gé àwọn lẹ́tà náà láti ara kóòtù iṣẹ́ tí a ti wọ̀ gbó, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ìrọ̀rí. Àwọn àmì kéékèèké tó ń lọ lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́tà, Alọṣọ ni a kó wọn fún, obìnrin tó ń lọ aṣọ nílé iṣẹ́, torí pé tó bá rán wọn wọ́, ẹni tó wà lókèèrè ò ní mọ̀. Ó mọ ìdí tí a fi kó wọn fún un, ó sì ń kùn ṣáá.

Lẹ́tà K nìkan ni ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ara kóòtù àbúrò mi ni a ti gé e.

Àbúrò mi lọ mú òwú ní yàrá tí wọ́n ń kó àjákù aṣọ sí nígbà tí iná sọ níbẹ̀. Gbogbo wa gba ẹnu ọ̀nà iwájú sá jáde. Iná ti dí ọ̀nà yẹn mọ́ òun, ó sì yíjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ti bá a. Èéfín ló pa á, iná ò tiẹ̀ kan ojú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀kùn ọ̀hún ò tì rárá, wọ́n ní ọmọbìnrin náà ló dákú kó tó fọwọ́ kàn án. Irọ́ gbuu. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi àgádágodo tì í, wọ́n ní àwa obìnrin ń gba ibẹ̀ jí aṣọ. Kí àwọn ará ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó dé, wọ́n ti yọ àgádágodo náà dànù. Àwọn ará ìjọba wá sọ fún wa pé àwọn á padà wá sí ẹnu géètì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀kùn náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó parí síbẹ̀.

Ẹni tó sì mọ̀ nípa rẹ̀ ju gbogbo ayé lọ ló ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ yìí. Òun ló máa ń ti ilẹ̀kùn yẹn láàárọ̀, òun ló máa ń ṣí i nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Àtìgbà tí a ti sin àbúrò mi, kò la ẹnu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá."

Kò sẹ́ni tó dáhùn àfi Alọṣọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbélé. "Òo, kú àbọ̀," ló ní, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu nígbà tó rí ojú mi.

"Ta ló pè ẹ́?" mo bi Oníkọ́kọ́rọ́.

"Èmi ni." Màmá mi ló dáhùn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń mí lókèlókè nítorí àtẹ̀gùn.

"Màmá, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ṣé ọwọ́ ẹ ló yẹ kí n ti gbàṣẹ ni? Èmi ni mo bí ẹ, àbí ìwọ lo bí mi?" Wọ́n wá ibi tó sún mọ́ fèrèsé, wọ́n jókòó. "Ó ti wá bá mi nílé. Máníjà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò sí nǹkan tó lè ṣe. Ó sì máa sọ ọ́ ní Mọ́ńdè, níwájú gbogbo wọn."

"Ẹnu ló máa fi sọ ọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Kí ló wá ṣe níbí?"

Oníkọ́kọ́rọ́ ò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Mi ò lè dá dúró níwájú Máníjà," ó ní. "Mo mọ ara mi, ẹnu mi máa kú. Tí mo bá di igi aṣọ yẹn mú, tí gbogbo yín wà níbẹ̀, màá lè sọ ọ́."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Òfin ẹgbẹ́ wa lórí aṣọ ìwọ́de ò ní méjì: ẹni tó bá rán an ni yóò gbé e. Àwọn ìyá tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló ṣòfin náà, nítorí àwọn obìnrin kan tó jẹ́ pé ìgbà tí ayàwòrán bá dé ni wọ́n máa ń sáré wá di igi mú. Bí o kò bá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án lójú títì. Bí o bá sì ti rán an, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ.

"Ẹ fún un ní lẹ́tà kan," Alága ní.

"Lójú mi báyìí?"

"Ata Wẹẹrẹ, fara balẹ̀." Orúkọ tí wọ́n fún mi nínú ẹgbẹ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe torí ọbẹ̀. "A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìdí. Máníjà là ń bá jà. Ṣé ká wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ká máa pa làpálàpá?"

"Lójú tèmi, ẹ̀tẹ̀ ni eléyìí náà."

Wọ́n fún un ní lẹ́tà N, ní ìkángun tábìlì. Mo kó àga mi lọ sí ìkángun kejì. "Ẹ má jẹ́ kó jókòó ti ilẹ̀kùn o," mo pariwo kí ó lè gbọ́. "Bó bá tì í, ó di gbére." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ṣépè sábẹ́ ẹnu. Màmá wojú fèrèsé. Oníkọ́kọ́rọ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíi pé kò sí èèyàn nínú yàrá náà.

Ọmọ iṣẹ́ Màmá ni tẹ́lẹ̀. Kékeré ló ti dé ilé wa, orí ẹní kan náà ni èmi àti ẹ̀ ti jọ sùn dàgbà. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí Màmá gbìyànjú títí láti kọ́ mi, tí mi ò gbà torí mi ò ní sùúrù, òun gbà á bí ẹni gba omi mu. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ló kọ́ èmi níṣẹ́. Tí àlejò bá wá, iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni Màmá máa ń gbé jáde, wọ́n á ní, "Ẹ wo ọmọ." Èmi ọmọ inú wọn á wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ fún mi pé ká gbàgbé. Ẹni tó ṣu kì í rántí, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Bí ikú ilé ò bá sì pani, tòde ò lè pani. Máníjà ò mọ orúkọ àbúrò mi. Obìnrin yìí ló mọ̀ ọ́n.

A rán an lọ báyìí títí ọ̀sán fi pọ́n. Bí Oníkọ́kọ́rọ́ bá fẹ́ sísọ́ọ̀sì, Alọṣọ ló ń gbà á lọ́wọ́ mi fún un, bí ẹni pé odò ló wà láàárín wa. Bí ó bá dá a padà, mo máa ń kọ́kọ́ fi ìdí aṣọ mi nù ún. Ìwà ọmọdé ni, mo mọ̀, ó sì dùn mọ́ mi.

Ní gbogbo ìgbà yìí, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ K. Tèmi ni, gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti fi pín-ìnì mú un mọ́ kánfáàsì dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn, màá tún gbé e sílẹ̀. Mo rí ibi tó ti fi bọ́tìnnì mìíràn rọ́pò èyí tó já, mo rí àbàwọ́n òróró ẹ̀rọ tí kò lọ mọ́. Mo ní màá rán an tó bá yá. Òwú dúdú wá tán, mo sì yára sọ pé èmi ni màá lọ ra òmíràn, kí ojú mi lè fẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ti sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun. Màmá ń tòògbé lórí àga, wọ́n ti gbé àga náà kúrò ní fèrèsé wá sí ìdí tábìlì. Oníkọ́kọ́rọ́ jókòó tì wọ́n. Mo wo K. Wọ́n ti rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tán.

Àwa aránṣọ máa ń mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara wa bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ojúlùmọ̀. Ọ̀nà abẹ́rẹ́ kéékèèké tó dagun sí apá òsì, kókó méjì níbẹ̀rẹ̀ tí a ti sínú kí ojú má rí i: ọwọ́ Oníkọ́kọ́rọ́ ni, kò sí ẹlòmíì tó ń rán bẹ́ẹ̀ nílé iṣẹ́ wa. Orí mi gbóná. Mo yọ abẹ lára ike òwú, mo dà bo lẹ́tà náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Jọ̀ọ́, má tú u!" Oníkọ́kọ́rọ́ fò dìde.

"Ọwọ́ ẹ yìí! Ọwọ́ tí o fi tì í mọ́lé náà lo tún fi rán aṣọ ẹ̀?"

"Kì í ṣe èmi. Ní orúkọ Ọlọ́run, kì í ṣe èmi!"

"Òkú ló rán an nígbà yẹn."

Ó di ọwọ́ mi mú, mo jà á gbà. Òwú ń já táá táá lábẹ́ abẹ. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí n tú u tán ni Màmá lajú.

"Kí lò ń tú?"

"Iṣẹ́ ọmọ yín tí ẹ fẹ́ràn."

Màmá na ọwọ́, wọ́n fi ìka wá ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ náà. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì fún ìgbà pípẹ́, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá a títí. Kókó ìbẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀nba díẹ̀ tí abẹ mi ò tíì dé ni wọ́n bá.

"Èmi ni mo rán an," wọ́n ní. "Ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi, mò ń rán an. Mo rọra ń fi ìka tọ etí ẹ̀."

Mo ti gbàgbé. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọwọ́ Oníkọ́kọ́rọ́ nílé iṣẹ́, kò sì wá sí mi lọ́kàn mọ́ ibi tó ti kọ́ ọ. Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo fẹ́ fi ọwọ́ mi gbé ọmọ mi lọ síwájú wọn ni. Ohun kan tó kù tí mo lè ṣe fún un." Wọn ò pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo. "Ó rẹ̀ mí, ojú mi ò ríran mọ́ lónìí. Ìwọ, jókòó, bá mi rán an."

Mo na ọwọ́ fún abẹ́rẹ́. Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Ó rán an níwájú mi, pẹ̀lú ọ̀nà abẹ́rẹ́ Màmá, láti ibi tí abẹ mi dúró sí títí dé òpin, kò sì gbójú sókè wò mí. Ká ní ó bú mi ni, tàbí kó tiẹ̀ fi ojú bú mi, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìsìnkú lọ. Àwọn obìnrin tó lọ jẹun padà dé, wọ́n gbọ́, Alága sì wò mí tìkàtẹ̀gbin. "Àní, o tú u?" ló ní.

Nígbà tí Mọ́ńdè máa fi dé, Màmá ti pín ẹni tí yóò di kí ni mú, ẹnikẹ́ni ò sì lè bá wọn jiyàn. Oníkọ́kọ́rọ́ di igi ọ̀tún, èmi di igi òsì. Àwọn fúnra wọn dúró láàárín, wọ́n di etí aṣọ mú nísàlẹ̀ K, torí ìwọ̀nba ọ̀nà abẹ́rẹ́ tiwọn tó ṣì kù lára rẹ̀ tó láti fún wọn ní ẹ̀tọ́ yẹn. Aṣọ tí ọ̀rẹ́ méjì bá gbé máa ń dẹ̀ láàárín, nítorí wọ́n á máa sún mọ́ra láti sọ̀rọ̀. Tiwa ò dẹ̀ rárá. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan sún mọ́ mi, èmi á fi ẹsẹ̀ kan sún sẹ́yìn. Alọṣọ ní òun ò tíì rí aṣọ ìwọ́de tó nà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, mo sì ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé.

Ẹnu géètì kún. Àwọn ará ìjọba méjì dúró lábẹ́ agbòòrùn kan, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó mú bírò dání. Máníjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣẹ́ẹ̀tì tí àwa rán ló wọ̀. Ó wo aṣọ wa, ó rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀kùn wo?" ó ní. "Ilẹ̀kùn wo ni kí a ṣí? Ṣé wọ́n tì í ni?"

Alága ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Mo ń wo Oníkọ́kọ́rọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ojú, mo sì ń sọ nínú mi pé kò ní lè sọ ọ́, ojo ni, ojo ni látilẹ̀.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn," ó ní. "Ojoojúmọ́ ló máa ń wà ní títì. Ọjọ́ yẹn náà, ó wà ní títì. Máníjà ló ní ká máa tì í, ó ní olè ni wá."

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin ń lu àtẹ́lẹwọ́, Alọṣọ ń fò sókè. Mi ò lè purọ́, inú èmi náà dùn.

Máníjà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ bi í léèrè! Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹ bi í!"

Obìnrin ìjọba gbójú lókè ìwé. "Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́jọ́ náà?"

Gbogbo wa mọ ìdáhùn. Ó ti sọ ọ́ fún Màmá, Màmá sì ti sọ ọ́ fún gbogbo wa: Máníjà ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ohun tó kù ni pé kó tún un sọ. Oníkọ́kọ́rọ́ yíjú sí Màmá.

"Ọwọ́ mi ni."

Obìnrin ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló wà," ó ní. "Mo gbọ́ nígbà tí ọmọ náà ń lu ilẹ̀kùn. Mo sáré lọ bá Máníjà pé ẹ jẹ́ kí n ṣí i. Wọ́n ní rárá, pé tí mo bá ṣí i, àwọn èèyàn á gba ibẹ̀ kó ẹrù lọ. Wọ́n ní kí n dúró de panápaná. Mo sì dúró. Mo padà sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ó ń pe orúkọ mi. Mo dúró."

Mo rí ọwọ́ Màmá tó kúrò lára aṣọ náà. Ọwọ́ méjèèjì ló kúrò. Wọ́n yíjú sí mi, ojú wọn ti dà bí ojú ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

"Gbé igi yẹn sílẹ̀," wọ́n sọ fún mi. "Gbé e sílẹ̀. Jẹ́ ká máa lọ ilé wa."

Láti kékeré ni mo ti ń retí ọjọ́ tí Màmá máa dúró sí ẹ̀yìn tèmi, tí wọ́n máa kẹ̀yìn sí obìnrin yìí. Ọjọ́ náà ló dé yìí. Ká ní mo ju igi náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá bá mi wí, gbogbo wọn ni ì bá tẹ̀ lé wa kúrò níbẹ̀. Máníjà náà mọ̀ pé bí a bá lọ, ẹjọ́ òun parí nìyẹn. Ó ti ń ṣẹ́wọ́ sí àwọn ẹ̀ṣọ́ pé kí wọ́n wá tú wa ká, ó ń sọ fún obìnrin ìjọba pé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, òun fúnra ẹ̀ ló ṣe é. Obìnrin ìjọba ò tíì kọ̀wé tán. Oníkọ́kọ́rọ́ ti ń jẹ́ kí igi rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, aṣọ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀.

Mo fa igi tèmi sẹ́yìn kí aṣọ náà lè nà.

"Ìwọ!" mo ké sí i. Ohùn mi le, n kò sì dẹ̀ ẹ́. "Gbé e sókè! Kí ni Máníjà sọ nígbà tí ohùn àbúrò mi dákẹ́? Ohun tó sọ, sọ ọ́!"

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?" Màmá ní. "Mo ní ká máa lọ."

"Ẹ dúró, Màmá," mo ní. "Kò tíì sọ ọ́ tán."